Ojú Ló Ń Kàwé, Ọwọ́ Ló Ń Ṣèdánwò: Ọ̀rọ̀ Fún Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Ka Lọ́ọ̀

Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta géérégé nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ka lọ́ọ̀ gbé báàgì ẹ̀ wá sílé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní Áńkù ẹ gbà mí, gbogbo ohun tí mo ń kà ló ń sá lọ. Mo ní kó mú nóòtù ẹ̀ wá. Háà! Hándáàtì yẹn ti di àdìrẹ, yẹ́lò níbí, pínńkì lọ́hùn-ún, gíríìnì láàárín, ó ti fi bírò aláwọ̀ kùn ún débi pé ibi tí kò kùn gan-an ló wá ń hàn jù. Mo dárúkọ kéèsì kan, mo ní kí ni kóòtù sọ níbẹ̀? Ó wo àjà, ó wo ilẹ̀, ó ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó wà níbi tí mo fi pínńkì kùn."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín yẹ̀yẹ́, torí èmi náà ṣe é rí. Lọ́dún kejì mi (mi ò ní dárúkọ ilé ìwé, ẹ̀bi tèmi ni kì í ṣe tiwọn) mo ka ìwé Contract láti páálí dé páálí, ẹ̀ẹ̀mejì, mo wọ gbọ̀ngàn ìdánwò mo kọ ojú ewé mẹ́rìnlá, mo tún ní kí wọ́n fún mi ní pépà sí i, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Káríóvà ni mo gbé bọ̀. Nígbà tí mo lọ bá olùkọ́ wa, bàbá yẹn wò mí, ó ní "O kọ gbogbo ohun tó o mọ̀, o ò dá mi lóhùn ohun tí mo bi ẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi títí dòní. Ojú ló ń kàwé lóòótọ́, àmọ́ lọ́jọ́ ìdánwò ọwọ́ ló máa kọ ọ́, tó bá sì jẹ́ ojú nìkan lo kọ́ níṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ sẹ̀mẹ́sítà, ọwọ́ máa dójú tì ẹ́ níwájú páálí ìdánwò.

Mo máa máa pe ẹni tó ń kà á ní "o" o, bí ẹni ń bá àbúrò ẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ̀yin àgbà tó padà lọ kàwé tẹ́ ẹ wà láàárín wa, ẹ má bínú sí mi.

Kó o tó ṣí ìwé, wá páásì kúẹ́ṣọ̀n

Ọjọ́ tí olùkọ́ bá ti fún yín ní áótílàìnì ni kó o ti lọ wá a, má dúró dìgbà tí ìdánwò bá wọlé tán. Lọ bá àwọn tó ṣáájú yín, fi sùúrù bẹ̀ wọ́n, gba ti ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ. Mú pépà kan tó fẹ̀, kọ àwọn tọ́píìkì sí ẹ̀gbẹ́ òsì nísàlẹ̀ ara wọn, kọ ọdún sókè, ibi tí tọ́píìkì bá ti jáde fi kọ́rọ́ọ̀sì sí i. Kì í ṣe kó o lè máa ṣe babaláwo pé eléyìí ló máa jáde lọ́dún yìí o, àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀, ojú wọn sì ti rí nǹkan. Ohun tó o ń wá ni bí olùkọ́ yẹn ṣe máa ń béèrè nǹkan. Ṣé ó máa ń pa ìtàn pé Lágbájá ta ilẹ̀ fún Tàmẹ̀dò kó wá ní gbà wọ́n nímọ̀ràn, àbí ó máa ń ní ẹ jíròrò? Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, bí o ṣe máa múra fún ọ̀kan kọ́ lo ṣe máa múra fún èkejì.

Lẹ pépà yẹn mọ́ ògiri. Tó o bá ti ń ka tọ́píìkì kan, kọ́kọ́ ka ìbéèrè tó ti jáde lórí ẹ̀ kó o tó ṣí ìwé, wàá rí i pé ìwé yẹn á máa dá ẹ lóhùn bí o ṣe ń kà á lọ.

Òfin fúnra ẹ̀ ni kó ṣáájú, kì í ṣe hándáàtì

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́ọ̀ lè dé ọdún kẹta kó má tíì fi ojú ara ẹ̀ ka abala 36 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 láti òkè délẹ̀. Ohun tí ẹlòmíì sọ nípa ẹ̀ ló ń kà. Orí kẹrin ìwé òfin yẹn, abala 33 sí 46, kò pọ̀, kà á sókè bí ẹni ń ka Bíbélì tàbí Kùránì. Kíyè sí àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké inú ẹ̀, "shall", "may", "subject to", "provided that", inú ibẹ̀ lẹjọ́ máa ń sá pamọ́ sí. Àwọn tó ń kọ̀wé òfin ò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Nínú abala 36 yẹn nìkan, (5) ló sọ pé aláìmọwọ́mẹsẹ̀ lẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí dìgbà tí wọ́n bá fi ẹ̀rí gbé e, (12) ló sọ pé wọn ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ohun tí òfin tó wà lákọsílẹ̀ ò pè ní ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá kọ "section 36" lásán àtẹni tó kọ "section 36(12)", máàkì wọn ò lè dọ́gba láéláé.

Mo tún fẹ́ sọ nǹkan kan nípa ìwé àlòkù tẹ́ ẹ ń rà. Èmi náà rà á, kò sí ìtìjú níbẹ̀, àmọ́ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kó o tó gbà á gbọ́. Ìwé àtijọ́ á sọ fún ẹ pé ẹni méjì ló kéré jù tó lè dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, CAMA 2020, òfin kọ́ńpìnnì tuntun, sì ti ní ẹnì kan ṣoṣo lè dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀, abala 18 ni. Òfin ẹ̀rí tá à ń lò ni ti 2011, wọ́n sì tún tún un ṣe ní 2023, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rí orí kọ̀ǹpútà. ACJA, òfin bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, ti dé láti 2015, àwọn ìpínlẹ̀ sì ní tiwọn. Òfin arbitration (kí ẹni kẹta bá wọn parí ìjà láì dé kóòtù) ti àtijọ́ náà ti kógbá wọlé, Arbitration and Mediation Act 2023 ló kù. Kọ ọdún tuntun yìí sí páálí ẹ̀yìn ìwé ẹ níbi tójú ẹ á máa tó o.

Bí a ṣe ń ka kéèsì

Ibí ni mo ti fẹ́ jókòó díẹ̀, torí ibí lọ̀pọ̀ ti ń rì.

Kéèsì kan wà tó yẹ kí gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ń ka lọ́ọ̀ mọ̀ bí orúkọ ìdílé ẹ̀, Inakoju v Adeleke (2007) 4 NWLR (Pt. 1025) 423. Jẹ́ ká kọ́kọ́ túmọ̀ gbọọrọ yẹn ná. 2007 ni ọdún tó jáde nínú ìwé, NWLR ni Nigerian Weekly Law Reports tí Gani Fawehinmi dá sílẹ̀ ní 1985, 4 ni fọ́lúùmù ọdún yẹn, 1025 ni apá tó wà, 423 ni ojú ewé tó ti bẹ̀rẹ̀. Tó o bá ti mọ èyí, o lè wọ láíbìrì èyíkéyìí kó o mú un láì bi ẹnikẹ́ni.

Tó o bá ti ṣí i, má bẹ̀rẹ̀ sí í kun nǹkan o. Bi í ní ìbéèrè márùn-ún: ta ló ń bá ta jà, kí ló ṣẹlẹ̀, kí ni wọ́n gbé wá bá kóòtù, kí ni kóòtù sọ, kí ló dé tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó tán.

Ta ló ń bá ta jà? Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni, wọ́n pín sí méjì. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìgbà gómìnà Ladoja ni, ilé aṣòfin jẹ́ ẹni 32, àwọn 18 nínú wọn ya ara wọn sọ́tọ̀ wọ́n lọ jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì kan n'Íbàdàn, wọ́n láwọn fẹ́ yọ gómìnà, ní 12 January 2006 wọ́n kéde pé àwọn ti yọ ọ́, igbákejì ẹ̀, Alao-Akala, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa níbí, gorí àga. Adeleke tó jẹ́ olórí ilé àtàwọn tó kù gba kóòtù lọ. Kí ni wọ́n gbé wá? Wọ́n ní yíyọ yẹn ò bófin mu. Ibí ló ti wá dùn, torí abala 188(10) sọ pé kóòtù kankan ò gbọ́dọ̀ yẹ ohun tí ilé aṣòfin bá ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí wò, ìyẹn ni ilé ẹjọ́ gíga fi ní òun ò lè dá sí i. Kòtẹ́milọ́rùn ní rárá o. Ilé ẹjọ́ tó ga jù náà ní rárá, ní December 2006. Kí ló dé? Torí kó o tó lè sá sábẹ́ (10), o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀lé ìyókù abala 188 bó ṣe wà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹni 32 kì í sì í ṣe 18, ó gbọ́dọ̀ tó 22.

Ìdáhùn sí "kí ló dé" yẹn ni wọ́n ń pè ní ratio, òun lo máa gbé lọ sínú ìdánwò. Àwọn ọ̀rọ̀ dídùn míì tí adájọ́ sọ lọ́nà, tẹ́ ẹ tiẹ̀ yọ ọ́ kúrò tí ìdájọ́ ò ní yí padà, obiter nìyẹn, ó dùn ún kà, má jẹ́ kó gba pépà lọ́wọ́ ẹ.

Ẹ wò ó, ẹ gbé ti Akintola sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Adegbenro v Akintola, 1963. Akintola, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ náà ni, tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ yunifásítì wa. Ọdún 1962 ni gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn yọ ọ́ nípò Premier, ìyẹn olórí ìjọba ẹkùn náà, torí lẹ́tà táwọn aṣòfin fọwọ́ sí, wọn ò dìbò nínú ilé rárá. Ọ̀rọ̀ dé Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa nígbà yẹn, wọ́n ní gómìnà ṣe é re, kò pọn dandan kó dúró de ìbò. O lè ní ah ah, lẹ́tà lé ẹnì kan lọ, ẹni 18 ò sì lè lé ẹnì kan lọ? Torí ohun tó wà nínú ìwé òfin ìgbà yẹn ni pé tó bá ti hàn sí gómìnà pé Premier ò ní ọ̀pọ̀ aṣòfin lẹ́yìn mọ́, òfin ò sọ ibi tó ti gbọ́dọ̀ hàn sí i. Ti 1999 ní tiẹ̀ to ìgbésẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó ka iye orí, ó dá ọjọ́. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ló yàtọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè gbé kéèsì méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn báyìí kó sì sọ ohun tó fà á tí wọ́n fi yàtọ̀, olùkọ́ á dá bírò dúró, á tún ojú gíláàsì ẹ̀ ṣe.

Fún kéèsì ní oríkì

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wá, kí la fẹ́ fi oríkì ṣe tí a ò bá fi rántí nǹkan? Ge káádì kéékèèké láti ara páálí kọ́nfílékì, kọ orúkọ kéèsì síwájú, kọ ìlà mẹ́ta sẹ́yìn (ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí kóòtù sọ, ìdí), kó o wá fi oríkì dé e lórí. Inakoju, eléjìdínlógún tó fẹ́ ṣe bí méjìlélógún. Donoghue, amu-mínírà-bá-ìgbín-pàdé. Carlill, ìyá tó fa oògùn símú tí ọ̀fìnkìn ò torí ẹ̀ fi í sílẹ̀, tó gba ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́wọ́ alápòlówó. Tó bá pa ẹ́ lẹ́rìn-ín o ò ní gbàgbé ẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹn ṣe ogójì láàárín ọjọ́ mẹ́rin, àwọn kan nínú ẹ̀ ò ṣe é kà níwájú àgbàlagbà.

Ó tún ṣe é fi to àwọn nǹkan tó jẹ́ márùn-ún mẹ́fà. Idundun v Okumagba (1976), ọ̀nà márùn-ún téèyàn lè gbà fi hàn ní kóòtù pé òun ló nilẹ̀, gbogbo wa la máa ń rántí mẹ́ta tí méjì tó kù á di àwátì. Mo tò ó báyìí: ìtàn, ìwé, ìlò, ìgbà, ìtòsí. Ìtàn, bí baba ńlá wa ṣe tẹ ibẹ̀ dó. Ìwé, ìwé ilẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìlò, pé à ń tà níbẹ̀, à ń fi rẹ́ǹtì, à ń dáko, láìsí ẹni tó yẹ̀ wá lọ́wọ́ wò. Ìgbà, pé ó ti pẹ́ tá a ti jókòó tì í. Ìtòsí, pé àwa la ni ilẹ̀ tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn débi tó fi ṣe é gbà gbọ́ pé tiwa ni èyí náà. Ọ̀nà kan ṣoṣo nínú ẹ̀ tó, kò dìgbà tó o bá kó márààrún wá, kọ ìyẹn náà sẹ́yìn káádì torí wọ́n máa ń béèrè ẹ̀.

Pa ìwé dé, kó o la ẹnu

Àwọn arọ́kin tó ń ka ìtàn àwọn Aláàfin ní ààfin Ọ̀yọ́, inú hándáàtì kọ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹnu ni. Wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á ní ó yá ìwọ náà sọ ọ́, tó o bá ṣì í wọ́n á dá ẹ padà. Ọmọ ilé kéwú náà, tó bá ti ka wàláà ẹ̀ tán ó ní láti wá kà á létí Alúfà. Àwa tá a lọ yunifásítì la wá rò pé ká kàn máa wo ìwé títí ilẹ̀ á fi mọ́ ló ń jẹ́ kíkà.

Lọ́dún 2006 àwọn onímọ̀ méjì kan ní Amẹ́ríkà, Roediger àti Karpicke, dán an wò. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan kà, àwọn kan tún un kà, àwọn kan pa á dé wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló ṣe dáadáa jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Ìdí nìyẹn tí tún-un-kà fi máa ń tàn wá jẹ, ní alẹ́ yẹn á dà bíi pé o ti mọ̀ ọ́n.

Bó o ṣe máa ṣe é nìyí. Ka tọ́píìkì kan fún bíi ogójì ìṣẹ́jú, pa á dé, mú pépà tó mọ́, kọ gbogbo ohun tó o rántí láì yọjú wo ibì kankan, ó máa dùn ẹ́ díẹ̀, má ṣèyọnu. Ṣí ìwé padà, fi bírò pupa kọ ohun tó fò ẹ́. Ohun pupa yẹn nìkan lo máa kà lọ́la. Padà sí i lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbà kọ̀ọ̀kan pupa á máa dín kù.

Tó o bá ti ṣe ìyẹn, ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá ẹ lédè Yorùbá. Mi ò ṣàwàdà. Òyìnbó inú ìwé lè bá ẹ bo àìmọ̀kan mọ́lẹ̀, o lè kọ "the doctrine of privity of contract" lẹ́ẹ̀mẹwàá kó má yé ẹ, àmọ́ jẹ́ kí n rí bó o ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ọjà Jagun. Wàá ní Màmá, tẹ́ ẹ bá bá Ìyá Kúnlé ṣàdéhùn pé kó kó ẹ̀lùbọ́ fún àbúrò yín, tí kò bá kó o, ẹ̀yin lẹ lè pè é lẹ́jọ́, àbúrò yín ò lè pè é torí kò sí níbi àdéhùn. Màmá á bi ẹ́ pé àbúrò mi ńkọ́, òun ló mà jìyà ẹ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń bẹ nínú ìdánwò, ó sì ti di dandan kó o lọ wá ibi tí òfin ti yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn.

Bí wọ́n bá pa ìtàn fún ẹ

Ọwọ́ ẹ la fẹ́ kọ́ báyìí. Wo ìbéèrè yìí, èmi ni mo ṣe é: Sadé wọ ṣọ́ọ̀bù Àlàájà ní Tákié, ó rí fírísà tí wọ́n lẹ 85,000 náírà mọ́, ó ka owó sórí tábìlì. Àlàájà ní ẹ má bínú, ọmọ mi ló ṣì í lẹ̀, 185,000 ni. Sadé ní àdéhùn ti wà nílẹ̀, dandan ni kó tà á fún òun. Gba Sadé nímọ̀ràn.

Ọ̀pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ báyìí: a contract may be defined as, wọ́n á kọ ojú ewé kan gbáko, wọ́n á ka gbogbo ohun tó ń mú àdéhùn fìdí múlẹ̀, Sadé á ṣì wà níwájú Àlàájà tó ń dúró dè wọ́n. Èmi ọlọ́jú ewé mẹ́rìnlá nìyẹn.

Ohun tó yẹ kó o kọ ò ju mẹ́rin lọ, IRAC la máa ń pè é (Issue, Rule, Application, Conclusion). Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, ní gbólóhùn kan: ṣé iye tí wọ́n lẹ mọ́ fírísà jẹ́ ọ́fà (offer, ohun tí ẹnì kan fi lọ ẹlòmíì, tó bá gbà á ó di àdéhùn) tí Sadé lè gbà, àbí ó kàn ń pe oníbàárà kó wá dá owó ni? Ìkejì, òfin: kóòtù ti sọ nínú Pharmaceutical Society v Boots (1953) àti Fisher v Bell (1961) pé ọjà tí wọ́n pàtẹ pẹ̀lú iye lára ẹ̀ kì í ṣe ọ́fà, invitation to treat ni. Ìkẹta, mú òfin yẹn wọ inú ìtàn, ibí ni máàkì pọ̀ sí jù, ibí náà làwọn èèyàn máa ń fò: Sadé ló ṣe ọ́fà nígbà tó ka owó sílẹ̀, Àlàájà ò gbà á, àdéhùn kankan ò tíì sí. Tó bá jẹ́ pé Àlàájà ti gba owó tó ti kọ rìsíìtì ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Ẹni tó bá sì mọ ohun tó ń ṣe á fi kún un pé FCCPA 2018, òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, abala 115, sọ pé olùtajà ò gbọ́dọ̀ ní kí oníbàárà san ju iye tó lẹ sára ọjà lọ, ṣé ọ̀rọ̀ Boots àti Fisher nìkan ló máa parí ìjà yìí lónìí? Má sá fún un, jà á lọ́tùn-ún jà á lósì. Ìkẹrin, ibi tó já sí, gbólóhùn kan tàbí méjì, gba Sadé nímọ̀ràn torí wọ́n ní kó o gbà á nímọ̀ràn.

Ojú ewé kan àbọ̀ ti tó.

Aago

Tó bá jẹ́ wákàtí mẹ́ta fún ìbéèrè mẹ́rin, fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ka ìbéèrè kó o sì to egungun ìdáhùn sí ẹ̀yìn ìwé, ogójì ogójì fún ìkọ̀ọ̀kan, márùn-ún tó kù wà fún àtúnkà. Tí ogójì bá ti pé, fi àyè sílẹ̀ kó o bọ́ sí èkejì, bó ti wù kó dùn tó. Ìbéèrè mẹ́rin tó o dáhùn níwọ̀n níwọ̀n sàn ju mẹ́ta tó pé lọ tí ìkẹrin jẹ́ òfìfo.

Ọwọ́ ríro ńkọ́? Gbogbo sẹ̀mẹ́sítà ẹ ń fi àtàǹpàkò tẹ fóònù, lọ́jọ́ ìdánwò ẹ wá fẹ́ fi bírò kọ̀wé fún wákàtí mẹ́ta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ ìdáhùn méjì pẹ̀lú aago níwájú mi, kò tíì parí èkejì tó ti ń gbọn ọwọ́ bí ẹni tí oyin ta. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la wá ń ṣe é títí dọjọ́ ìdánwò. Irú bírò tó o máa lò lọ́hùn-ún náà ni kó o fi máa ṣe é.

Kóòtù àti ẹgbẹ́

Wọ aṣọ tó bójú mu kó o lọ jókòó sí kóòtù fún àárọ̀ kan, ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti ìbílẹ̀, ti májísíréètì, ti gíga, èyí tó bá wù ẹ́. Abala 36 yẹn náà ló ní ní gbangba ni kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́, pa fóònù, tẹríba fún adájọ́, jókòó sẹ́yìn. Wákàtí kan tó o fi wo bí lọ́yà ṣe ń bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀ á jẹ́ kí ìwé Evidence tó ń ṣú ẹ lójú bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ìtàn.

Ní ti ẹgbẹ́ ìkàwé, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kálukú kọ́ àwọn tó kù ní tọ́píìkì kan. Tó bá ti lé ní márùn-ún, ìnáwó ló kù.

Tó bá di ti Law School

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti parí LL.B (dìgírì lọ́ọ̀ ti yunifásítì), tẹ́ ẹ wá ń lọ Law School kẹ́ ẹ tó di lọ́yà, ìdánwò yẹn ò jọ ti fákọ́tì. Council of Legal Education ló ni ín, kọ́ọ̀sì márùn-ún ni: ẹjọ́ ọ̀daràn, ẹjọ́ aráàlú, ọ̀rọ̀ dúkìá, ọ̀rọ̀ kọ́ńpìnnì, àti ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́yà. Ohun tó máa ń pa àwọn ọlọ́pọlọ pípé níbẹ̀ nígbà kan ni pé wọn kì í ṣírò àròpọ̀ nígbà yẹn, ibi tó o bá ti kéré jù ni wọ́n fi máa ń wọ̀n ẹ́. Bó o gba A nínú mẹ́rin tó o gba pass nínú ọ̀kan, pass ló máa ń wà nínú ìwé ẹ. Bó ti wù kí wọ́n máa ṣírò ẹ̀ lónìí, yí ìṣesí ẹ padà, èyí tó o kórìíra jù nínú márààrún ni kó máa gba àárọ̀ kùtùkùtù ẹ, èyí tó o fẹ́ràn lè dúró dìrọ̀lẹ́. Ìwé tí lọ́yà ń kọ gan-an, ìwé ìpẹ̀jọ́, deed, affidavit, fi ọwọ́ kọ ọ́ láti òkè délẹ̀ títí ọwọ́ á fi mọ ọ̀nà fúnra ẹ̀, torí orí ìwé tó o bá gbàgbé láti kọ tàbí ibi ìbuwọ́lù tó o fò, máàkì ló ń bá lọ.

Alẹ́ tó ṣáájú àti àárọ̀ ọjọ́ náà

Má ka nǹkan tuntun lálẹ́ yẹn. Àwọn káádì nìkan, àti ohun pupa. Chájì tọ́ọ̀ṣì ẹ ní ọ̀sán, torí ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ò mọ̀ pé o ní ìdánwò. Kó káádì ìdánwò, bírò mẹ́ta, aago ọwọ́ sínú báàgì kó o tó sùn, kó o sì sùn ní tòótọ́, wákàtí mẹ́fà ó kéré tán. Mo mọ àwọn tó gbé kọfí mì títí ilẹ̀ fi mọ́, tí wọ́n wá ń tòògbé lórí ìbéèrè kejì.

Láàárọ̀, jẹ nǹkan fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ẹ̀kọ àti àkàrà, búrẹ́dì àti ẹyin. Má fọwọ́ kan àmàlà, mo bẹ̀ ẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Tẹ́ ẹ bá jáde nínú gbọ̀ngàn, àwọn kan á dúró lábẹ́ igi, wọ́n á ní ìwọ kí lo kọ sí nọ́ḿbà mẹ́ta, ṣé o rí i pé tírẹ́sípáàsì ló fi pamọ́ síbẹ̀? Má dúró. Pépà tó kù ló kù, èyí tó o ti fà lé wọn lọ́wọ́ ti lọ. Gba ọ̀nà ilé, àmàlà tó o fi sílẹ̀ láàárọ̀ ṣì wà nínú kúlà.